Ìtàn Dally Messenger, Àgbà Agbábọ́ọ̀lù Ìlú Sydney

Àwọn baba wa ti fi í lélẹ̀ fún wa pé ibi tí ènìyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ti ń jẹ. Alápatà kì í pa màlúù kí ó fọwọ́ òfo relé, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sọ fún alágbàfọ̀ tí ó ti dúró lẹ́bàá omi láti òwúrọ̀ pé ìyìn àwọn ènìyàn ni owó ọ̀yà rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn tó báyìí di ìjà ńlá ní ìlú Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní ọdún 1907 àti 1908, eré bọ́ọ̀lù ni ó sì dá ìjà náà sílẹ̀. Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù lọ nínú ọ̀ràn náà ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, èyíinì ni Herbert Henry Messenger, ẹni tí tàgbà tèwe ìlú Sydney mọ̀ sí Dally.

A bí Messenger ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ọdún 1883, ní Balmain, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà létí omi ní Sydney. Ìdílé awakọ̀ ojú omi ni ó ti jáde wá. Baba-baba rẹ̀ lókìkí nínú eré ìje ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; baba rẹ̀, Charles Messenger, náà sì jẹ́ ògbóǹkangí nínú eré ìje kan náà, ó sì ní ibi tí ó ti ń kan ọkọ̀ ní Double Bay. Nípa ìnagijẹ rẹ̀, a gbọ́ pé nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, ikùn rẹ̀ yọ bọ̀ǹbọ̀, ni àwọn ará ilé bá ń fi í wé William Bede Dalley, amòfin àti olóṣèlú kan tí ikùn tirẹ̀ náà kò kéré. Àpárá inú ilé lásán ni, ṣùgbọ́n ó lẹ̀ mọ́ ọn títí dé ọjọ́ ikú.

Lọ́dọ̀ baba rẹ̀ ni Dally ti mọ ayùn àti òòlù lò, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́gíbì nígbà tí iṣẹ́ bá dilẹ̀. Fún àǹfààní ẹni tí kò bá mọ eré náà, ẹ jẹ́ kí a sọ pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ gùn bí ẹyin, ọwọ́ ni a sì fi ń gbé e sáré. Ẹni tí ó bá gbé e kọjá ìlà àwọn ọ̀tá tí ó sì fi kanlẹ̀ ni ó jèrè. A sì tún lè fi ẹsẹ̀ gbá a kí ó la àárín òpó méjì kọjá lókè igi ìdábùú. Messenger kò ga, nítorí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 7 ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó lágbára, ara rẹ̀ yá, ẹnìkan kò sì mọ ohun tí yóò ṣe títí yóò fi ṣe é tán. Ní ti fífi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ní àwọn tí ó rí i kò rí irú rẹ̀ rí. Láìpẹ́ ó di ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Eastern Suburbs, lẹ́yìn náà fún ìpínlẹ̀ New South Wales, àti ní ọdún 1907 fún gbogbo ilẹ̀ Ọsirélíà.

Ní àkókò náà, ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Rugby Union ni ó ń ṣe àkóso eré yìí, òfin wọn sì le. Wọ́n ní eré ọmọlúwàbí ni, pé ẹni tí ó bá gba kọ́bọ̀ kan nítorí rẹ̀ ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Òfin yìí kò ni ọmọ olówó lára, nítorí owó baba rẹ̀ ń bẹ nílé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Sydney ni òṣìṣẹ́ èbúté, alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà àti awakẹ̀kẹ́ ẹrù. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù lókèèrè, owó òòjọ́ wọn lọ. Bí wọ́n bá ṣèṣe, àwọn ni yóò san owó dókítà. Ní oṣù keje ọdún 1907, nígbà tí New South Wales bá àwọn ará New Zealand gbá bọ́ọ̀lù, ènìyàn 52,000 ni ó sanwó wọlé wá wòran. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rí ogunlọ́gọ̀ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn léèrè ibi tí owó náà ń wọ̀ sí.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bú jáde ni ti Alex Burdon. Onígbàjámọ̀ ni Burdon, apá rẹ̀ ni ó sì fi ń jẹun. Ó fara pa nídìí bọ́ọ̀lù tí ó ń gbá fún ìpínlẹ̀ rẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́, ẹnìkan nínú àwọn aláṣẹ kò sì fún un ní nǹkan kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Victor Trumper, gbajúmọ̀ eléré kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó ń ta ohun èlò eré ìdárayá. James Joseph Giltinan, oníṣòwò kan tí ojú rẹ̀ là, wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Henry Hoyle tí ó jẹ́ olóṣèlú. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1907, wọ́n péjọ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní òpópónà George, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, èyí tí yóò máa san owó òòjọ́ tí agbábọ́ọ̀lù pàdánù fún un. Kì í ṣe àwọn ni ó kọ́kọ́ ronú rẹ̀, nítorí láti ọdún 1895 ni àwọn ẹgbẹ́ ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ya kúrò lára Union nítorí ọ̀rọ̀ kan náà, tí wọ́n sì dá Northern Union sílẹ̀. Hoyle di ààrẹ, Giltinan di akọ̀wé, Trumper di akápò.

Ẹgbẹ́ wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò wá wò ó? Giltinan mọ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò pé ọjà tí kò ní ohun tí ń pe oníbàárà kò lè tà. Messenger ni gbogbo Sydney ń fẹ́ rí. Nítorí náà ó gbọ̀nà Double Bay lọ. A gbọ́ pé kì í ṣe Dally nìkan ni ó bá sọ̀rọ̀, bí kò ṣe ìyá rẹ̀, Annie Messenger, nítorí ọmọ náà kò ní ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí. Ìyá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ Giltinan, ó sì gbà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀, kí a wo ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 24 yìí gbé sílẹ̀. Òun ni ọba pápá. Bí ó bá dúró sínú Union, ìyìn àti oyè ni yóò máa jẹ lọ. Bí ó bá jáde, wọn yóò lé e lọ títí láé, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹgbẹ́ tuntun náà yóò rí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí ń bọ̀. Ó jáde. Union lé e, wọ́n sì pa àwọn iṣẹ́ tí ó ti ṣe rẹ́ kúrò nínú ìwé wọn, bí ẹni pé kò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1907, Messenger jáde sí pápá Agricultural Ground pẹ̀lú ẹgbẹ́ tuntun náà láti bá àwọn ará New Zealand kan jà. Bí 20,000 ènìyàn ni ó wá. Àwọn àlejò náà ni ó borí nínú ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n gbá, ṣùgbọ́n owó wọlé, ẹ̀rù sì kúrò. Ẹni tí ó kó àwọn àlejò náà jọ ni Albert Baskerville, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Wellington, tí a bí ní ọdún kan náà pẹ̀lú Messenger. Ọ̀nà tí Baskerville gbà ṣe é yóò dùn mọ́ àwọn oníṣòwò wa: olúkúlùkù agbábọ́ọ̀lù dá £50 láti inú àpò ara rẹ̀, wọ́n fi ṣe owó ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì pín èrè láàárín ara wọn nígbà tí wọ́n dé. Àwọn oníwèé ìròyìn Sydney fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní ẹgbẹ́ oníwúrà. Wọ́n mú Messenger dání, òun nìkan ṣoṣo ọmọ Ọsirélíà láàárín wọn, òun ni ó sì jèrè àmì jù lọ nínú gbogbo wọn, 146.

Báyìí ni a dé orí ọdún 1908, tí í ṣe ọdún kìn-ín-ní tí àwọn àdúgbò Sydney bá ara wọn díje lábẹ́ League, bí a ti ń pe ẹgbẹ́ tuntun náà. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ni ó wọ inú rẹ̀: Glebe, Newtown, South Sydney, Balmain, Eastern Suburbs, Western Suburbs, North Sydney, Cumberland, àti Newcastle tí ń ti ìlú mìíràn wá. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde, ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ní pápá Wentworth Park, Eastern Suburbs fi àmì 32 sí 16 borí Newtown, Glebe sì fi 8 sí 5 borí Newcastle. Ní pápá Birchgrove, South Sydney fi 11 sí 7 borí North Sydney, Balmain sì fi 24 na Western Suburbs láìjẹ́ kí wọ́n rí ẹyọ kan. Cumberland kò tíì múra tán ní ọjọ́ náà.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí di olówó. Kò sí ẹni tí ó fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun nínú wọn. Láti ọjọ́ Ajé dé àárọ̀ Sátidé, wọ́n wà ní èbúté àti ní ilé iṣẹ́. Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n wà ní pápá. Àwọn àgbà South Sydney a máa sọ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ wọn a máa kiri ehoro tà ní àárọ̀ Sátidé kí wọ́n tó lọ sí pápá, ìdí nìyí tí a fi ń fi ìpolówó àwọn elehoro pe ẹgbẹ́ náà títí di òní. Owó ìwọlé kéré, nítorí pé àwọn òǹwòran kò pọ̀, Union ṣì ni ó ni orúkọ. Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ gan-an, Messenger kò tíì sí lórí pápá ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ìrìn àjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí ó dé, wọ́n tún ń pè é kiri láti gbá bọ́ọ̀lù fún Ọsirélíà, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ni Eastern Suburbs rí i lò.

Ọ̀fọ̀ sì ṣẹ̀ wọ́n ní ọdún náà. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kọ lu Baskerville nígbà tí ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Brisbane, ó sì kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1908. Ọmọ ọdún 25 péré ni. Ẹni tí ó gbin igi náà kò dúró jẹ nínú èso rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí ó jọ wá lójú jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí ṣẹlẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ, kí ìdíje ọdún náà tó parí, Giltinan kó àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó lé ní 30 wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Messenger wà láàárín wọn, pẹ̀lú àwọn àṣàyàn láti inú onírúurú ẹgbẹ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, tí South Sydney àti Eastern Suburbs pàdé láti mọ ẹni tí yóò gba adé, agbami òkun ni Messenger wà. Ènìyàn bí 4,000 ni ó wá wò wọ́n. Àwọn tí ó ṣẹ́kù nílé ni ó wọ pápá, wọ́n sì jà títí dé òpin, South Sydney fi 14 sí 12 borí. Bí ó ti rí nìyí, ẹ̀yin ènìyàn wa: orúkọ Messenger ni ó ṣí ilẹ̀kùn ọdún náà, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ọkùnrin kan ṣoṣo ni League ṣe wà ni, ọjọ́ tí ọkọ̀ ṣí ni ì bá ti kú. Àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n jí lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ni ó gbé e ró.

Ìrìn àjò ọ̀hún kò lọ bí Giltinan ti rò. Ní Lancashire, agbègbè tí ọ̀pọ̀ nínú aṣọ òyìnbó tí àwọn ìyá wa ń tà láyé àtijọ́ ti ń wá, iṣẹ́ òwú dúró nítorí ìjà lórí owó iṣẹ́, àwọn ènìyàn kò sì ní owó tí wọn yóò fi wo bọ́ọ̀lù. Òtútù àti òjò náà kò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ìdíje ńlá àkọ́kọ́ láàárín Ọsirélíà àti àwọn ará Ìlú Ọba, tí wọ́n gbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kejìlá ọdún 1908, parí ní ọ̀mì, 22 sí 22. Messenger gbìyànjú, ṣùgbọ́n owó tán. Northern Union ni ó ran àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kí wọ́n tó rí owó ọkọ̀ padà sílé. Ní Sydney ẹ̀wẹ̀, kí Giltinan tó dé, wọ́n ti yọ òun, Hoyle àti Trumper kúrò nípò ní ọdún 1909 nítorí ọ̀rọ̀ ìṣirò owó. Gbèsè bo Giltinan mọ́lẹ̀, ilé ẹjọ́ sì kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò lè san án. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ bí èyí ti ń dun ni tó: ká ná owó ẹni sórí ohun tí yóò yọrí sí rere, kí ó má sì yọrí títí ọwọ́ ẹni yóò fi ṣófo.

Ṣùgbọ́n ó yọrí. Ní ọdún 1909, ọlọ́rọ̀ kan, James Joynton Smith, ná owó rẹ̀ láti mú kí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù Union bá àwọn ti League gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wúrà ní ìdíje Olympic ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1908 ni. Union lé àwọn náà, League sì gbà wọ́n. Nígbà tí àwọn ará Ìlú Ọba wá sí Sydney ní ọdún 1910, ènìyàn bí 40,000 ni ó wo ìdíje ńlá àkọ́kọ́. Ẹ fi wé 4,000 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún méjì péré ni ó wà láàárín wọn.

Ní ti Messenger, ọdún 1911 ni ó ga jù. Ó jèrè àmì 270 nínú gbogbo bọ́ọ̀lù tí ó gbá ní ọdún náà, ẹnìkan kò sì kọjá rẹ̀ títí di ọdún 1935, nígbà tí Dave Brown, ọmọ ẹgbẹ́ Eastern Suburbs bíi tirẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ó gbéyàwó. Eastern Suburbs gba adé ní 1911, 1912 àti 1913, Wally, àbúrò rẹ̀, sì bá wọn gbá a. Nítorí pé wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, apata tí wọ́n ń díje fún di tiwọn, wọ́n sì gbé e fún Dally tí í ṣe balógun wọn. Lẹ́yìn náà ó fi eré sílẹ̀.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, Messenger ṣe iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ó tún dá oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Queensland, ṣùgbọ́n owó kò bá a gbé. Ó padà sí iṣẹ́ tí ó kọ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó di gbẹ́nàgbẹ́nà lábẹ́ ìjọba. Ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti pariwo orúkọ rẹ̀ ń gbé ayùn rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lówùúrọ̀ bí àwọn ẹlòmíràn. Ó kú ní Gunnedah ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1959, ní ẹni ọdún 76.

Àwọn kan lè wí pé kí ni èrè rẹ̀, nígbà tí kò kú ní olówó. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú ayùn àti òòlù, ìtìjú ni kí a lo agbára ènìyàn kí a sì já a jù sílẹ̀ bí a ti ṣe sí Burdon. A kò tún ní fi ẹnu ba ti àwọn Union jẹ́ pátápátá. Wọ́n bẹ̀rù pé owó yóò ba eré jẹ́, owó sì ti ba ohun púpọ̀ jẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wàásù fún ẹni tí ń ṣàn lóòógùn nínú pápá pé owó kò dára. Láti ọdún 1980 ni orúkọ Dally ti wà lára ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù League tí ó ta yọ jù lọ ní ọdọọdún. Ní ọdún 1995, Union fúnra wọn gbà pé kí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn máa gbowó; ní ọdún 2007, tí ó pé 100 ọdún tí wọ́n ti lé e, wọ́n dá iṣẹ́ Messenger padà sínú ìwé wọn. Òun ti wọ ilẹ̀ tipẹ́ nígbà náà. Nítorí náà, kí olúkúlùkù wa tí ó ní ọmọ iṣẹ́, alábàárù tàbí akọ̀wé lábẹ́ rẹ̀ má ṣe dúró di 100 ọdún kí ó tó fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.